Bátìrì Lẹ Rà, Alùpùpù Ni Èènì

Lọ́dún 2007, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Vectrix gbé alùpùpù oníná ńlá kan wá sọ́jà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ Rhode Island ni ilé iṣẹ́ náà fìdí kalẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ìlú Wrocław ní ilẹ̀ Poland ni wọ́n ti ń to ọkọ̀ náà pọ̀. VX-1 ni wọ́n pè é. Ó wúwo ju 200 kílò lọ, ó ń sáré tó 100 kìlómítà láàárín wákàtí kan, kò mu epo, kò rú èéfín, ẹni tó dúró létí títì sì lè má gbọ́ ìró rẹ̀ títí tí yóò fi kọjá lára rẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́ta tí gbèsè fi mu ilé iṣẹ́ náà lómi. Ní 2009, ó gba ilé ẹjọ́ lọ láti sọ pé apá òun kò ká gbèsè mọ́, Gold Peak, àwọn ará Hong Kong tó ń ṣe bátìrì fún un, ló sì rà á. Nígbà tó di 2014, ó kógbá sílé pátápátá.

Alùpùpù tí wọ́n ti tà kò bá ilé iṣẹ́ kógbá sílé. Ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó rà á. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí, búréèkì rẹ̀ ń mú, ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán. Bátìrì nìkan ló kú. Ẹni tó bá rí irú rẹ̀ rà lówó pọ́ọ́kú á máa yọ̀ pé òun rí ọjà gbà, àfìgbà tó bá bèèrè iye tí bátìrì tuntun jẹ́, tí wọ́n sì dá a lóhùn pé ẹni tó ń ṣe é ti ṣíwọ́.

Kókó tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dì mú rèé: ẹni tó ra alùpùpù oníná àlòkù, bátìrì ló rà. Férémù, táyà, ìjókòó àti iná iwájú, èènì ni gbogbo wọn. Alùpùpù elépo kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kadà elépo bá lo ọdún mẹ́wàá, mẹkáníìkì á tú u, á pààrọ̀ písítìn àti ríìngì, ọ̀kadà náà á sì padà sójú títì. Bátìrì ní tirẹ̀ ń gbó, wọ́n gùn ún o, wọn ò gùn ún o. Ọdún tó lò nínú ilé ìkẹ́rùsí wà lára ọjọ́ orí rẹ̀. Nítorí náà, kìlómítà tó wà lójú ọkọ̀ kò tó láti fi mọ bí ara bátìrì ṣe le tó.

Ẹ wo inú àpótí VX-1. Sẹ́ẹ̀lì 102 ni wọ́n tò síbẹ̀, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní NiMH. Fólítì 1.2 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n so wọ́n mọ́ra lẹ́sẹẹsẹ, orí èyí mọ́ ìdí ìyẹn, àpapọ̀ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fólítì 125. Gbogbo agbára tó wà níbẹ̀ kò ju kílówáàtì-wákàtí 3.7 lọ.

Títò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ yìí ni orísun wàhálà, nítorí pé iná tó bá jáde lára sẹ́ẹ̀lì kan gbọ́dọ̀ gba inú gbogbo àwọn yòókù kọjá. Ó dà bí ìlà àwọn tó ń pa iná ilé, tí wọ́n ń gba kórobá omi lọ́wọ́ ara wọn: ẹni tó rẹ̀ jù nínú wọn ló ń pinnu bí omi ṣe máa yára dé. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ti gbẹ, tí àwọn 101 yòókù sì ṣì ní iná nínú, wọ́n á fipá gba inú rẹ̀ kọjá, orí rẹ̀ á di ìdí, ìdí rẹ̀ á di orí, á sì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. NiMH tún ní àléébù mìíràn: ó ń jò. Bí wọ́n bá gbé e síbì kan láìlò ó, iná inú rẹ̀ á máa dín kù fúnra rẹ̀, ti sẹ́ẹ̀lì kan á sì máa yára ju ti èkejì lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní alùpùpù ní Yúróòpù ló máa ń gbé e pamọ́ ní gbogbo ìgbà òtútù. Oṣù mẹ́rin tí VX-1 bá fi dúró gbagidi lójú kan bẹ́ẹ̀ lè ṣe bátìrì rẹ̀ ní jàǹbá ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrìn àjò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé “ọkọ̀ yìí dára, wọn kì í gùn ún rárá,” ẹ rántí èyí tí ẹ bá fẹ́ ra ti oníná.

Ibi tí ẹnikẹ́ni ò fojú sí ni ọ̀nà àbáyọ ti wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, Nissan bẹ̀rẹ̀ sí í ta mọ́tò oníná Leaf. Kò pẹ́ tí díẹ̀ nínú mọ́tò náà fi ní jàǹbá lójú títì, tí wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tú mọ́tò tà, bẹ́ẹ̀ bátìrì wọn ṣì yè kooro. Bátìrì Leaf àkọ́kọ́ jẹ́ kílówáàtì-wákàtí 24. Wọ́n pín in sí páálí irin pẹlẹbẹ 48, sẹ́ẹ̀lì lítíọ́mù mẹ́rin nínú páálí kọ̀ọ̀kan. Páálí kan kò wúwo tó kílò mẹ́rin, ó ń mú nǹkan bí fólítì 7.5 wá, agbára inú rẹ̀ sì jẹ́ ìdajì kílówáàtì-wákàtí. Ẹni tó bá to 17 nínú wọn lẹ́sẹẹsẹ ti ní fólítì 127 àti díẹ̀, èyí tí kò jìnnà sí ti Vectrix, agbára rẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì ti àtijọ́ lọ. Àwọn tó ní Vectrix ní Yúróòpù àti Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí í kó páálí yìí sínú àpótí ibi tí NiMH wà tẹ́lẹ̀. Alùpùpù tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti kú wá ń rìn jìnnà ju bó ṣe ń rìn lọ́jọ́ tó dé sọ́jà.

Ṣájà ló fẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́. NiMH lè fara da kí iná máa wọlé díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti kún. Ó kàn máa gbóná ni. Lítíọ́mù kò gba irú eré bẹ́ẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá ti dé fólítì 4.2, kí ṣájà dá ọwọ́ dúró ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, iná lè sọ. Ṣájà Vectrix kò mọ èyí. NiMH ni wọ́n kọ́ ọ láti bọ́. Òṣùwọ̀n tó ń sọ fún ẹni tó ń gùn ún pé iná kù tó báyìí náà kò mọ̀ ọ́n, ó ń fi ìṣirò àtijọ́ ka bátìrì tuntun. Àwọn kan nínú àwọn tó ní ọkọ̀ náà ní láti tú ètò inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò, kí wọ́n sì tún un kọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: gbígbé bátìrì wọ inú àpótí kò tó ìdá mẹ́ta iṣẹ́ náà. Kí alùpùpù gbà pé bátìrì ọ̀hún jẹ́ tòun, ibẹ̀ ni òógùn ti ń jáde.

Ọkọ̀ mìíràn tó bọ́ sínú irú ọ̀ràn yìí ni Brammo Enertia. Ìlú Ashland ní ìpínlẹ̀ Oregon ni Craig Bramscher ti dá ilé iṣẹ́ Brammo sílẹ̀. Ní 2009, wọ́n gbé Enertia lọ sí Best Buy, ilé ìtajà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ra tẹlifíṣọ̀n àti fìríìjì, pé kí wọ́n máa bá wọn tà á níbẹ̀. (Ọgbọ́n ni àbí àṣejù? Ẹni tó wá ra fìríìjì kì í sábà gun alùpùpù lọ sílé.) Bátìrì mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, fólítì 12.8 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 76.8. Ilé iṣẹ́ Valence tó wà ní Austin, ìpínlẹ̀ Texas, ló ṣe wọ́n. Lítíọ́mù ni, àmọ́ irú èyí tí wọ́n fi irin àti fọ́sífétì pò, tí wọ́n ń pè ní LFP. Ìlú Austin yìí kan náà ni John Goodenough àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas ti ṣe ìwádìí LFP tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997. Ọ̀gbẹ́ni náà ti pé ẹni ọdún 97 kí wọ́n tó fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá ní 2019 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bátìrì lítíọ́mù.

Ní 2012, Valence wọ gbèsè. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015, ilé iṣẹ́ Polaris ra ẹ̀ka alùpùpù Brammo, ó sì fi orúkọ Victory, ọ̀wọ́ alùpùpù tirẹ̀, ta alùpùpù oníná kan. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, Polaris kéde pé òun ti pa Victory fúnra rẹ̀ tì. Lọ́dún yẹn kan náà, Cummins, àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì dísù fún ọkọ̀ akẹ́rù, ra ohun tó kù lára Brammo, ìyẹn ẹ̀ka tó ń ṣe bátìrì. Alùpùpù kú, bátìrì rí ọkọ gidi fẹ́. Àwọn oníṣòwò ńlá wọ̀nyí náà mọ èyí tó jẹ́ ọjà àti èyí tó jẹ́ èènì.

Síbẹ̀, ẹni tó ní Enertia rọ́wọ́ mú ju ẹni tó ní Vectrix lọ. Sẹ́ẹ̀lì LFP kan jẹ́ fólítì 3.2. Bí wọ́n bá to 24 lẹ́sẹẹsẹ, 76.8 ni yóò jáde, iye kan náà géérégé. Èyí ni àwọn oníṣòwò Ṣáínà ń pè ní bátìrì 72 fólítì, tó kún inú ọjà. Irú sẹ́ẹ̀lì kò yí padà, nítorí náà kò sí ìdí tí bátìrì tuntun àti ti àtijọ́ kò fi ní gbọ́ èdè ṣájà kan náà. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú fólítì tó wọ́pọ̀ máa ń pẹ́ láyé ju ọkọ̀ tó bá ní fólítì tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Kí a tó sọ̀rọ̀ pààrọ̀ síwájú, ó yẹ ká bèèrè bóyá bátìrì tí wọ́n ní ó kú ti kú lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ kò kú.

Ká mú bátìrì 72 fólítì kan tó jẹ́ ti lítíọ́mù onífólítì 3.6. Ìpín 20 ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì roboto mélòó kan ni wọ́n so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wáyà nínípọn méjì ló jáde síta, pupa àti dúdú. Lórí gbogbo rẹ̀ ni bọ́ọ̀dù kan wà tí wọ́n ń pè ní BMS. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ṣọ́ ìpín kọ̀ọ̀kan, kí ó sì ti ilẹ̀kùn tí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀ jù, tàbí tó ga jù, tàbí tó gbóná jù. Nígbà tí rewáyà bá fi mítà kan wáyà nínípọn méjèèjì, tí mítà sì ka òdo, èyí lè jẹ́ pé BMS ló tilẹ̀kùn, kì í ṣe pé inú ilé ṣófo. Ibi tí òótọ́ wà ni àwọn wáyà tín-ín-rín 21 tó wọ inú BMS. Rewáyà tó mọṣẹ́ á ti ẹnu wáyà mítà bọ ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀: 3.71, 3.70, 3.72, 3.71. Ó dé ìkọkànlá, mítà ka 1.4. Ó tẹ̀ síwájú, 3.71, 3.71, títí dé òpin.

Ìpín kan ṣoṣo ló kú níbẹ̀, 19 wà láàyè. Ẹ sì ṣe àkíyèsí ohun kan tí àwọn tó ń ta àlòkù mọ̀ dáadáa: ìpín 19 ní 3.71 pẹ̀lú ẹyọ kan ní 1.4, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ fólítì 71.9. Bí BMS bá ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ ọjà, mítà á ka 72 lójú oníbàárà, oníbàárà á sì mi orí. Ìgbà tó bá gun ọkọ̀ náà dé ìdí òkè Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, tó sì fún un níná, ni ìpín kọkànlá á wó lulẹ̀, BMS á pa gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ á sì kú sáàárín títì. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ra bátìrì àlòkù láìjẹ́ pé ó rí i bó ṣe ń gbé ẹrù. Kí wọ́n gùn ún gun òkè, kí mítà sì wà lára rẹ̀.

Kí ni kí wọ́n ṣe sí ìpín tó wà ní 1.4 yẹn? Àwọn kan á ní kí wọ́n fún un níná díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi jí. Bó bá jẹ́ pé àná ló lọ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe. Bó bá ti wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀, kí wọ́n jẹ́ ó sùn. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì lítíọ́mù bá lọ sílẹ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú rẹ̀ máa ń yọ́ sínú omi kẹ́míkà. Bí iná bá tún wọlé, bàbà náà á gbára jọ síbi tí kò yẹ kó wà, á sì lè so orí mọ́ ìdí láti inú. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ lè gba iná lónìí, kó sì gbiná ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tó burú jù lọ ni àṣà “dáírẹ́ẹ̀tì”: rewáyà á fo BMS, á so wáyà bátìrì tààrà mọ́ kọ̀ntírólà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á gbéra, oníbàárà á sanwó, wọ́n á sì kí ara wọn. Aṣọ́nà ni wọ́n lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Bó bá jẹ́ pé bátìrì náà kò tíì gbó, ìpín kan ṣoṣo ṣeé pààrọ̀, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì tí ọjọ́ orí àti agbára rẹ̀ sún mọ́ ti àwọn yòókù ni kí wọ́n fi sí i. Sẹ́ẹ̀lì tuntun láàárín àwọn arúgbó kì í gbà wọ́n sílẹ̀. Àwọn arúgbó á kọ́kọ́ gbẹ, wọn á sì kọ́kọ́ kún, bọ́ọ̀dù kò sì ní sinmi. Tí gbogbo wọn bá ti gbó pọ̀, tí ọkọ̀ tó ń rìn 80 kìlómítà tẹ́lẹ̀ wá ń rìn 30, kò sí àtúnṣe níbẹ̀. Pààrọ̀ ló kù. Àwọn ilé iṣẹ́ kan sì wà tí wọ́n da gọ́ọ̀mù líle sínú àpótí bátìrì títí tó fi bo gbogbo rẹ̀. Ó ń gba bátìrì lọ́wọ́ omi àti gbígbọ̀n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè tú u láìfọ́ ọ. Ẹni tó ń ra àlòkù, kó bèèrè èyí kó tó bèèrè iye.

Pààrọ̀ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣirò. Bátìrì tuntun gbọ́dọ̀ bá fólítì ọkọ̀ mu, àti nígbà tó bá kún pẹ̀lú: ìpín 20 onífólítì 3.6 máa ń kún dé 84, LFP onípìn-ín 24 sì ń lọ dé 87.6. Kọ̀ntírólà tí kò bá lè gba iye yẹn á jó ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni ámípíà. Ẹ́ńjìnnì oníwáàtì 3,000 lórí fólítì 72 ń fa ámípíà bíi 42 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ tó yẹ ẹ́. Nígbà tó bá gbé èrò méjì gun òkè, ó lè fà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹni tó bá fi BMS ámípíà 30 sí i torí pé ó dínwó á máa bá a dúró ní gbogbo òkè Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n tó wá wọn àpótí, gígùn, ìbú àti gíga, kí wọ́n sì rántí àyè wáyà. LFP tóbi ó sì wúwo ju lítíọ́mù yòókù lọ tí agbára bá dọ́gba. Síbẹ̀ LFP ló yẹ ilẹ̀ wa bí àyè bá gbà á. Ó ń fara da ooru, kì í tètè gbiná, ó sì ń gba ṣájà lọ́pọ̀ ìgbà kó tó gbó.

Ọ̀rọ̀ ooru yìí kì í ṣe àwàdà. Ní 2012, àwọn tó ní Leaf ní Phoenix, ìlú gbígbóná kan ní ìpínlẹ̀ Arizona, bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé bátìrì wọn ń gbó kíá ju ti àwọn tó wà níbi tútù lọ. Kò sí omi tó ń tu bátìrì Leaf lára. Nígbà tó di 2013, Nissan fi kún ìlérí rẹ̀ fún àwọn tó rà á, ó gbà láti tún bátìrì tó bá rẹ̀yìn kọjá ààyè kan ṣe láàárín ọdún márùn-ún. Ẹni tó ń gbé alùpùpù oníná sínú oòrùn ọ̀sán nígbà tí bátìrì rẹ̀ kún fọ́fọ́, ọdún ló ń gé kúrò lára rẹ̀.

Irọ́ pọ̀ lọ́jà sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì roboto tí wọ́n ń pè ní 18650 jẹ́ mìlímítà 18 ní ìbú àti 65 ní gígùn. Agbára èyí tó dára nínú àwọn tó wọ́pọ̀ lọ́jà kì í ju mAh 3,500 tàbí 3,600 lọ. Síbẹ̀ ẹni tó bá wọ ọjà á rí èyí tí wọ́n kọ 9,900 sí lára, tí ìwúwo rẹ̀ kò tó nǹkan lọ́wọ́. Kí ó dá a padà síbi tó ti rí i.

Ní ti ìsopọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi irin gbígbóná àti lẹ́ẹ̀dì lẹ wáyà mọ́ orí sẹ́ẹ̀lì. Ooru náà á wọ inú rẹ̀ ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fi iná jó pẹlẹbẹ níkẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn láàárín ìgbà tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná fólítì 72 tó ń lọ tààrà kì í ṣe ti bátìrì mọ́tò onífólítì 12 tí àwọn rewáyà ti ń fọwọ́ lásán mú láti ìgbà èwe wọn. Ó lè pa èèyàn. Bó bá sì fò láti orí wáyà sí wáyà, kì í tètè kú fúnra rẹ̀, torí náà fiúsì tí wọ́n ṣe fún irú iná yẹn ni kí wọ́n lò, kì í ṣe ti inú ilé. Kí wọ́n bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n fi téèpù wé ara sípánà. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ so bátìrì mọ́ kọ̀ntírólà fún ìgbà àkọ́kọ́, iná á ta pàà lẹ́nu wáyà, nítorí àwọn kàpásítọ̀ inú kọ̀ntírólà tó ṣófo á fẹ́ gbé gbogbo iná mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ fi rẹsísítọ̀ kan sáàárín fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí wọ́n kún díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó so wáyà gan-an.

Ìlú New York ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú ẹkún. Lọ́dún 2023, iná tó ṣẹ́ yọ láti ara bátìrì lítíọ́mù jẹ́ 268 níbẹ̀, èèyàn 18 ló sì bá a lọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti ara kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù kéékèèké tí wọ́n ń gba iná nínú ilé. Lọ́dún yẹn kan náà, òfin ìlú náà ka kíkó sẹ́ẹ̀lì àlòkù jọ láti fi ṣe bátìrì tuntun tà léèwọ̀. Nílùú wa, tí yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ń fún mọ́ra wọn, kò yẹ kí bátìrì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò gba iná àkọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tàbí lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ìta gbangba ni, lójú èèyàn, lọ́sàn-án.

Cotonou ní ilẹ̀ Benin ti gba ọ̀nà mìíràn. Kpayo, epo tí wọ́n ń gbé gba ẹ̀yìn ọ̀nà wá láti Nàìjíríà, ni ọ̀pọ̀ onízẹ́m, àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀, ń lò fún ọdún gbọgbọrọ. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó kpayo fò sókè. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2022, ilé iṣẹ́ M Auto, tó di Spiro lẹ́yìn náà, ti gbé alùpùpù oníná wọ Benin àti Togo. Onízẹ́m kì í ra bátìrì lọ́wọ́ wọn. Ó ń gbé èyí tó gbẹ lọ síbùdó wọn, ó ń gba èyí tó kún, ó ń san owó iná, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Bí bátìrì bá kú, ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ni. Ilé iṣẹ́ Gogoro ló sọ irú ètò yìí di gbajúmọ̀ ní Taiwan láti 2015. Ó gba awakọ̀ lọ́wọ́ ìnáwó tó ga jù lọ nínú ọkọ̀ oníná, kò sì sí ẹni tó lè fojú di ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àlòkù yẹ kó ṣírò dáadáa: èènì nìkan ló rà. Bátìrì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ní tirẹ̀ á dúró de ọkọ̀ ojú omi. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2016, wọn kò gba bátìrì lítíọ́mù tó bá dá wà gẹ́gẹ́ bí ẹrù nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé èrò. Èyí tó ń gbé ẹrù nìkan sì gbọ́dọ̀ gbé e pẹ̀lú iná tí kò ju 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bátìrì tó bá ti wà nínú kọ̀ntínà àti ní ẹ̀bá wọ́ọ̀fù fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta gbọ́dọ̀ la mítà kọjá kó tó wọ inú ọkọ̀, ìpín kan lẹ́yìn èkejì. Bí ìpín kan bá lọ sílẹ̀ ju àwọn yòókù lọ lójú ọjọ́ tó dé, kí wọ́n pe ẹni tó tà á lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì ya fọ́tò mítà.

Èyí tó kú náà ńkọ́? Àwọn tó ń ra bátìrì mọ́tò àtijọ́ kiri àdúgbò ń rà á nítorí òjé inú rẹ̀ ni, wọ́n á yọ́ ọ. Lítíọ́mù kò ní òjé, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e sínú iná láti wá bàbà inú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ fún alùpùpù ṣì lè tan iná àtùpà oòrùn fún ọdún mélòó kan lọ́wọ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e fún irú onímọ̀ bẹ́ẹ̀, kó lo iná inú rẹ̀ títí tí yóò fi kù díẹ̀, kó fi téèpù bo ẹnu wáyà méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó gbé e síbi tí kò sí oòrùn tàbí aṣọ nítòsí, kó sì fi máákà kọ sára àpótí náà fólítì tó kù, déètì ọjọ́ náà, àti ìpín tí mítà kà ní 1.4.